Síwáàkì Kì í Ṣe Ayùn: Ìdí tí Èrìgì fi ń Fà Sẹ́hìn Lẹ́nu Ẹni tí ó Mọ́ Tónítóní

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń bi mí lẹ́hìn wáàsí, tí wọ́n á sì kọ́kọ́ fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan nítorí ìtìjú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogún pínpín, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ yìgì. Ọ̀rọ̀ ehín ni. Obìnrin aláṣọ kan bi mí, bàbá kan tí ń ta irin ìkọ́lé bi mí, ọmọ ilé kéwú mi kan náà bi mí, ọ̀rọ̀ wọn sì jọra bí ẹni pé wọ́n ti jọ sọ ọ́ sílé. Wọ́n ní àwọn kì í fi ìmọ́tótó ẹnu ṣeré rárá. Àwọn ń lo síwáàkì kí àwọn tó kírun, àwọn sì ń lò ó bí àwọn bá jí. Kí ni ó wá fà á tí ẹran ìdí ehín àwọn fi ń sá lọ, tí ehín àwọn ń gùn sí i, tí omi tútù kò sì ṣeé mu fún àwọn mọ́?

Mo rò pé ó yẹ kí n dáhùn rẹ̀ ní gbangba, nítorí bí ènìyàn mẹ́ta bá béèrè ohun kan níkọ̀kọ̀, ọ̀pọ̀ ni ó wà nílé tí ń jìyà rẹ̀ láìlè béèrè.

Ẹran tí ó yí ìdí ehín ká, tí a ń pè ní èrìgì, ni ó bo gbòǹgbò ehín mọ́lẹ̀. Bí ó bá ń fà sẹ́hìn, ti ehín òkè á máa sún sókè, ti ehín ìsàlẹ̀ á máa sún sísàlẹ̀, gbòǹgbò tí Ọlọ́run fi pamọ́ á sì yọ síta. Ehín fúnra rẹ̀ kò gùn sí i. Aṣọ ìdí rẹ̀ ni ó ká kúrò. Apá ehín tí a ń rí lójoojúmọ́ ní èèpo funfun kan tí ó le ju egungun lọ, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kò ní irú èèpo bẹ́ẹ̀. Ó rọ̀ jù ú lọ, kò sì funfun tó o. Ìdí nìyí tí omi tútù, ọsàn kíkan, àní afẹ́fẹ́ ọyẹ́ pàápàá, fi ń kan ehín náà tí onítọ̀hún á fi ṣe ojú wíríwírí. Gbòǹgbò tí ó yọ síta yìí náà ni ehín ti máa ń tètè jẹrà.

Ohun tí ó ń dùn mí jù nínú ọ̀ràn yìí ni ìdájọ́ tí àwọn ènìyàn ń ṣe fún ọmọnìkejì wọn. Bí wọ́n bá ti rí ẹni tí ehín rẹ̀ gùn báyìí, wọ́n á ní ọ̀bùn ni, wọ́n á ní kì í fọ ẹnu. Mo mọ olùkọ́ kéwú kan, àwa méjèèjì jókòó síwájú àfáà kan náà nígbà èwe wa. Nínú gbogbo wa, òun ni ó mọ́ jù. Orín kì í wọ́n lápò agbádá rẹ̀. Nígbà tí ó tó ọmọ ogójì ọdún ó lé díẹ̀, èrìgì rẹ̀ lápá òsì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́hìn. Àwọn ọmọ ilé kéwú ṣàkíyèsí rẹ̀, ẹ sì mọ̀ bí ọmọdé ti rí, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Àgbàlagbà kan nínú jàmáà náà sì sọ ọ́ sétígbọ̀ọ́ rẹ̀ pé kí lèmọ́mù máa fọ ẹnu dáadáa kí ó tó bọ́ síwájú. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára. Kò rẹ́rìn-ín ní gbangba mọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ èédú pọ̀ mọ́ iyọ̀, ó ń fi ha ehín rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ní àfikún sí orín tí ó ń lò ní ìrun márààrún. Kí ọdún tó yí po, ọ̀ràn náà ti burú sí i.

Ẹ̀rù tí ó ń bà á kì í ṣe ti ẹwà nìkan. Ẹni tí ó bá ti kọ́ bí a ti ń ka Àlùkùránì mọ̀ pé ṣáà, zhálì àti ẹlẹgbẹ́ wọn, ìyẹn ث àti ذ àti ظ, etí ehín iwájú tòkè ni ahọ́n ń fi ara kàn kí wọ́n tó jáde bí ó ti yẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ف, tí etè ìsàlẹ̀ ń lọ bá ehín kan náà. Bí ehín wọ̀nyí bá yọ lẹ́nu olùkọ́, kí ni yóò fi kọ́ ọmọ? Èyí ni ó sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ kan, ni mo bá ní kí a jọ lọ rí dókítà ehín.

Ọmọbìnrin ni dókítà náà, kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Lẹ́hìn tí ó ti yẹ ẹnu rẹ̀ wò, ohun àkọ́kọ́ tí ó béèrè ni pé, "Bàbá, ọwọ́ wo ni ẹ fi ń fọ ẹnu?" Ó ní ọwọ́ ọ̀tún ni. Dókítà mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fín ìlà ìwọ̀n sí lára, ó fi wọn ehín kọ̀ọ̀kan. Lápá òsì, ẹran ti fi ìwọ̀n mìlímítà mẹ́ta sí mẹ́rin kúrò ní ipò rẹ̀. Lápá ọ̀tún, kò ju mìlímítà kan lọ. Ó ní kí ó fi orín rẹ̀ han òun. Ọ̀rẹ́ mi yọ ọ́ lápò, ó gbẹ bí igi ìdáná. Dókítà na àtẹ́lẹwọ́ sí i, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi fọ ọwọ́ mi yìí bí ẹ ti ń fọ ehín yín gẹ́lẹ́." Ọ̀rẹ́ mi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, ọmọbìnrin náà ti fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ibẹ̀ sì ti pọ́n. Kò sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi náà kò sọ̀rọ̀. Èmi tí mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ni mo ṣe àṣákúfúrúlà.

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Ó ní ẹni tí ń lo ọwọ́ ọ̀tún, apá òsì ẹnu ni ọwọ́ rẹ̀ ń dé tààrà, ibẹ̀ ni agbára ọwọ́ ń lọ jù. Ehín ṣóńṣó tí ó wà ní igun ẹnu àti èyí tí ó tẹ̀lé e sì yọ síwájú ju ìyókù lọ, egungun àti ẹran tí ó bò wọ́n sì máa ń fẹ́lẹ́. Ẹlòmíràn wà tí Ọlọ́run dá èrìgì rẹ̀ ní fífẹ́lẹ́ láti inú ìyá rẹ̀ wá, ẹlòmíràn sì wà tí ehín rẹ̀ kan kò tò mọ́ ẹgbẹ́. Irú àwọn wọ̀nyí, agbára díẹ̀ ti tó láti lé ẹran náà sá. Bí ó bá sì ti lọ tán, kì í hù padà bí irun orí tàbí bí èékánná.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìtàn ọ̀rẹ́ mi nìkan ni mo fi ń ṣe ẹ̀rí. Ní ọdún 1969, dókítà ehín kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Harald Löe, ará Norway, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ehín àwọn ọkùnrin kan wò ní ìlú Oslo, àwọn ọ̀mọ̀wé àti akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti ń lo búrọ́ọ̀ṣì láti kékeré, tí dókítà sì ń tọ́jú ẹnu wọn. Ní ọdún 1970 wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Sri Lanka láàárín àwọn lébìrà oko tíì, tí wọn kì í fi búrọ́ọ̀ṣì kan ehín. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń padà lọ wò wọ́n, wọ́n sì tẹ àbọ̀ ọ̀ràn èrìgì jáde ní ọdún 1992. Ènìyàn á rò pé àwọn ará Norway kò ní ní àrùn yìí rárá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ọmọ ogún ọdún wọn, iye tí ó ju 60 lọ nínú 100 ni èrìgì wọn ti fà sẹ́hìn níbì kan ó kéré tán. Nígbà tí wọ́n ń súnmọ́ àádọ́ta ọdún, ó ti ju 90 lọ nínú 100. Ní ti àwọn ará Sri Lanka, gbogbo wọn pátá ni ó ti mú kí wọ́n tó kọjá ogójì ọdún.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ Norway, iwájú ehín nìkan ni, ìyẹn ojú ibi tí ó kọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ètè, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì ń gbá jù. Lẹ́nu àwọn ará Sri Lanka, iwájú, ẹ̀hìn, àti àárín ehín sí ehín ni. A jẹ́ pé oríṣi méjì ni àrùn tí a ń pe ní orúkọ kan. Ìdọ̀tí ni ó ń fa ọ̀kan. Èkejì sì ń mú ẹni tí ó mọ́, ọwọ́ líle sì wà lára ohun tí àwọn dókítà ń fi ẹ̀sùn rẹ̀ kàn jù. Ẹni tí ó ní ti èkejì tí wọ́n ń pè ní ọ̀bùn, wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Èyí tí ó tún burú ni pé, nígbà tí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, á tún lọ fi kún agbára ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí àwa ti ń ṣe é nílé wa. Ẹni tí ó bá ń lo síwáàkì ní ìrun márùn-ún lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀ 1,825 ni ó ń lò ó lọ́dún kan. Láti ọmọ ogún ọdún títí di àádọ́ta, ó ti ju ẹ̀ẹ̀ 54,000 lọ. Bí orín bá rọ̀ tí ọwọ́ sì rọ̀, ẹ̀ san rere ni. Bí orín bá gbẹ tí ọwọ́ sì le, àpáta pàápàá á jẹ. Mo sì ń wo àwọn ìyá wa lọ́jà. Wọ́n á ti fi orín sẹ́nu láti ìdájí tí wọ́n ń pàtẹ, á wà níbẹ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí, wọ́n á máa fi ná ọjà, wọ́n á máa fi bá alájọṣe jà, igun ẹnu kan náà ni yóò sì wà látàárọ̀. Kì í ṣe fífọ ẹnu ni wọ́n ń fi í ṣe mọ́, ó ti di ohun ìṣeré ẹnu. Àwọn mìíràn á bu aṣáà sí èrìgì, wọ́n ní ó ń pa ìrora. Tábà wà lára ohun tí ń ba èrìgì jẹ́, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ẹnu, ìbáà ṣe èyí tí a ń mu, ìbáà ṣe èyí tí a ń fi sẹ́nu. Àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí ní tiwọn ń ra èédú lílọ̀ tí wọ́n ń polówó pé ó ń sọ ehín di funfun, tàbí kí wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra ehín. Èédú ń ha ehín, omi ọsàn ń jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá pa méjèèjì pọ̀ ti fi omi rọ ilẹ̀ kí ó tó gbá a ní ọkọ́.

Ibi tí mo ti wá fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ìjọ fetí sí mi ni èyí. Mo ti gbọ́ kí ẹnìkan wí pé sunna ni ó fa èrìgì òun. Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ ni. Lóòótọ́, Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run kí ó máa bá a, fẹ́ràn síwáàkì tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé àìfẹ́ ni ìjọ rẹ̀ lára nìkan ni kò jẹ́ kí ó sọ ọ́ di ọ̀ranyàn ní gbogbo ìrun. Èyí wà lọ́dọ̀ Bukhari àti Muslim. Àìfẹ́ nini lára náà ti wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀. Ẹ sì rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà àìsàn tí ó fi papòdà. Abdur-Rahman ọmọ Abubakar wọlé pẹ̀lú síwáàkì lọ́wọ́, Ànábì sì tẹjú mọ́ ọn. Ìyá wa Aishatu mọ̀ pé ó fẹ́ ẹ, ó gbà á, ó sì fi ehín ara rẹ̀ rún un títí ó fi rọ̀, kí ó tó fi lé e lọ́wọ́. Ẹ̀ka igi líle kọ́ ni ó fi kan ẹnu ẹni ọlá yẹn.

Àwọn onímọ̀ àtijọ́ pẹ̀lú kò fi ọ̀ràn èrìgì ṣeré. Ìmáámù an-Nawawi, tí ó kú ní ọdún 1277, ti kọ ọ́ nínú àlàyé rẹ̀ lórí ìwé Muslim pé kí síwáàkì jẹ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, kí ó má gbẹ jù tí yóò fi máa ṣe ènìyàn lọ́gbẹ́, kí ó má sì tutù jù tí kò fi ní lè mú ìdọ̀tí kúrò. Ó tún ní kí a fi ìbú fọ̀ ọ́, kí a má fi òòró fọ̀ ọ́, kí ẹran ìdí ehín má bàa ṣẹ̀jẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò wí pé àwọn dókítà òde òní kò fẹ́ kí a máa fi ìbú ha ehín lọ bọ̀ lọ bọ̀ bí ẹni ń rẹ́ pákó. Èmi kò rí ìjà níbẹ̀. Ìdí tí ìmáámù náà fi sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kí èrìgì má bàa fara gbọgbẹ́. Ìdí kan náà ni dókítà ń wí. Ẹni tí ó bá fi ìbú fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ líle títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀, kò tẹ̀lé ìmáámù, kò sì tẹ̀lé dókítà.

Kì í ṣe pé síwáàkì burú o. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ti gba àwọn ènìyàn níyànjú ní ọdún 1987 pé kí àwọn tí orín bá wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wọn máa lò ó. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1991 àwọn dókítà kan tẹ ìwádìí jáde láti ilẹ̀ Saudi Arabia pé èrìgì tí ó fà sẹ́hìn pọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń lo síwáàkì ju ti àwọn tí ń lo búrọ́ọ̀ṣì lọ. Ilẹ̀ tí igi áráákì pọ̀ sí nìyẹn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn bàbá wa ti wí i.

Nípa àwẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè: ní ọ̀nà Ìmáámù Malik tí ọ̀pọ̀ wa ń tọ̀, síwáàkì kò burú fún aláàwẹ̀ láti àárọ̀ títí di àṣálẹ́, àyàfi èyí tí ó tutù tí adùn rẹ̀ ń jáde sẹ́nu ni wọn kò fẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń mú èyí tí ó gbẹ koko nínú oṣù Ràmàdánì. Kò pọn dandan kí ó gbẹ koko. Ẹ rún orí orín yín kí oṣù tó wọlé títí tí yóò fi dà bí òwú tí adùn rẹ̀ yóò sì ti tán. Irú èyí ni kí ẹ máa lò.

Bí ó ti yẹ kí a ṣe é kò le. Ọmọ ilé kéwú tí ó bá tẹ kálámù mọ́ wàláà jù, wàláà á ha, ọ̀rọ̀ á sì bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí a mú búrọ́ọ̀ṣì tàbí orín, pẹ̀lú ìka, kì í ṣe pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ṣẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ rọ̀ ni kí ẹ rà, wọ́n máa ń kọ ọ́ sí ara páálí rẹ̀. Ẹ má gba ti ọlọ́jà tí ó bá ní líle ni ó ń fọ̀ mọ́. Kí ó dà gẹ̀rẹ̀ sí ibi tí ehín àti ẹran ti pàdé, kí ó máa yí lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, kí ó sì máa ti ìdí ẹran bọ̀ wá sí orí ehín. Ìṣẹ́jú méjì, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, pẹ̀lú ọṣẹ ìfọhín tí ó ní fluoride, ti tó fún iṣẹ́ gidi. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo síwáàkì ní ìrun márùn-ún, kí ó fi jẹ́ẹ́jẹ́ lò ó. Bí irun búrọ́ọ̀ṣì yín bá ti fẹjú kí oṣù mẹ́ta tó pé, ọwọ́ yín ni ó le. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọsàn, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì kan ehín.

Ṣùgbọ́n ẹni tí èrìgì rẹ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ó wú, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn, tàbí tí ehín rẹ̀ ń mì, kí ó má fi ọ̀rọ̀ mi yìí tu ara rẹ̀ nínú. Oríṣi kìíní nìyẹn. Ìdọ̀tí tí ó ti le bí òkúta sí ìdí ehín ni ó sábà máa ń fà á, orín kò sì lè ṣí i. Dókítà ni yóò fi irin ha á kúrò. Àwọn kan ń sá fún un, wọ́n ní ó ń ya ehín. Kò ya ehín. Àlàfo náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òkúta ìdọ̀tí àti ẹran wíwú ni ó dí i. Àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ ni kí ó tètè lọ jù, nítorí àrùn náà ń le lára wọn.

Ọ̀rẹ́ mi pa èédú tì. Dókítà fún un ní ọṣẹ ìfọhín tí wọ́n ṣe fún ehín tí ń kan, ó sì ní kí ó máa padà wá ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà kí òun máa wọn ehín rẹ̀. Láti ọdún méjì, ìwọ̀n náà kò kúrò níbi tí ó wà. Ẹran kò padà, ṣùgbọ́n kò lọ mọ́, ó sì ń mu omi tútù.

Fún ẹni tí tirẹ̀ bá ti jìnnà, iṣẹ́ abẹ wà. Wọ́n lè bu ẹran díẹ̀ láti àjà ẹnu onítọ̀hún fúnra rẹ̀, kí wọ́n fi bo gbòǹgbò tí ó yọ síta. Ara rẹ̀ ni wọ́n fi tún ara rẹ̀ ṣe, èmi kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀. Àwọn dókítà mìíràn sì máa ń lo ohun tí ilé iṣẹ́ ti pèsè dípò ẹran àjà ẹnu, tàbí kí wọ́n fi oògùn kan pa gbòǹgbò náà kí ó lè tètè mú ẹran. Púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí ni ó jẹ́ pé ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti yọ wọ́n, dókítà sì lè má rántí sọ ọ́ bí a kò bá béèrè. Kí Mùsùlùmí béèrè lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bá a ṣàdéhùn iṣẹ́ náà, kí ó sì sọ pé ti àjà ẹnu òun ni òun fẹ́. Wọ́n á ṣe é fún un.